Ẹ Gbé Iṣẹ́ Tí Kò Tíì Parí Dání: Bí A Ṣe Ń Pàtẹ Iṣẹ́ Ọwọ́ Nígbà Káyókáyó ní Ẹ̀pẹ́

Ní ọdún àkọ́kọ́ tí mo pàtẹ níbi Káyókáyó, ọdún ìlú wa ní Ẹ̀pẹ́, apò ìko (awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ara ewé ògùrọ̀) méjìlélógójì ni mo gbé lọ. Gbogbo wọn ló ti parí. Mo ti gé gbogbo ìko tó yọrí síta, mo ti fi aṣọ nù wọ́n, mo tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ sórí tábìlì, mo wọ aṣọ ọdún mi, mo jókòó tì wọ́n. Mẹ́rin péré ni mo tà. Ẹni tó bá dúró á béèrè pé èló ni, tí mo bá sì dá a lóhùn, á ní, "Ìyá, owó yìí mà pọ̀ jù fún ewé." Ewé! Ohun tí mo fi ọjọ́ méjì hun, láti àárọ̀ di alẹ́, ni wọ́n ń pè ní ewé. Nígbà tí mo délé lálẹ́ ọjọ́ náà, oúnjẹ kò lọ lọ́nà ọ̀fun mi.

Ní ọdún kejì, iṣẹ́ oníṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi. Obìnrin kan ní Pópó-Ọba ti san owó apò kan sílẹ̀, ọjọ́ ọdún gan-an ló sì fẹ́ gbé e jáde. Ilẹ̀ ọjọ́ náà mọ́, apò kò tíì dé ẹnu. Mo gbé e dání bẹ́ẹ̀, mo tẹ́ ẹní síwájú tábìlì, mo ń hun ún lọ. Kí oòrùn tó kàn mí lórí, èèyàn ti yí mi ká. Ọmọdé ń wo ìka mi, àgbàlagbà ń sọ fún ọmọdé bí ìyá tirẹ̀ náà ṣe máa ń jókòó hun ẹní nígbà kan. Apò mọ́kàndínlógún ni mo tà lọ́jọ́ náà. Abẹ̀bẹ̀ tán pátápátá. Kò sì sí ẹnì kan ṣoṣo tó dárúkọ ewé. Wọ́n ti fojú ara wọn rí ọwọ́ tó ń ṣe é, ọwọ́ náà ni wọ́n sì sanwó fún.

Láti ìgbà náà, n kì í lọ síbi ọdún láìgbé iṣẹ́ tí kò tíì parí dání. Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ fún yín nìyẹn, àti àwọn nǹkan mìíràn tó yí i ká: ìgbà tó yẹ kí ẹ bẹ̀rẹ̀, ibi tó yẹ kí ẹ jókòó sí, iye tó yẹ kí ẹ pè é. Ìko ni iṣẹ́ tèmi, ṣùgbọ́n bí ẹ bá jẹ́ alápẹ̀rẹ̀, aláró, amọ̀kòkò tàbí agbẹ́gi, púpọ̀ nínú rẹ̀ á bá yín mu.

Ọjọ́ ọdún àti àwọn tó ń bọ̀

Káyókáyó kò ní ọjọ́ kan pàtó nínú kàlẹ́ńdà. Ẹ̀yìn Iléyá ló máa ń bọ́ sí, òṣùpá ló sì ń darí Iléyá. Ọdún òṣùpá fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá kúrú ju ọdún kàlẹ́ńdà lọ, ìdí nìyẹn tí ọdún wa fi ń sáré síwájú. Ní 2023, ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ni a ṣe Iléyá. Ní 2024, ọjọ́ 16 oṣù kẹfà. Ní 2025, ọjọ́ 6 oṣù kẹfà. Inú òjò gan-an ni gbogbo wọn bọ́ sí. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń sáré yìí, tó bá fi máa di 2033, oṣù kẹta ni Iléyá á ti bọ́ sí, wàhálà wa nígbà náà á sì di oòrùn àti eruku. Nítorí náà, ẹ má ṣe ìmúrasílẹ̀ lọ́nà kan náà lọ́dọọdún. Ẹ ka oṣù, kí ẹ mọ̀ bóyá táńpólì ni ẹ ó ra àbí ìbòjì. Ọjọ́ gan-an, ẹnu àwọn àgbà ìlú ni ẹ ti máa gbọ́ ọ. Ẹ má fi àgbọ́sọ pinnu.

Ó tún yẹ kí ẹ mọ ẹni tó ń bọ̀ wá rajà. Ní oṣù Kejìlá 1851, àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè, wọ́n dá Akítóyè padà síbẹ̀. Ojú ọ̀sà ni Kòsọ́kọ́ àti àwọn èèyàn rẹ̀ gbà dé Ẹ̀pẹ́. Àwọn ni a ń pè ní Èkó Ẹ̀pẹ́, bíbọ̀ wọn yẹn ni Káyókáyó sì ń rántí. Kòsọ́kọ́ padà sí Èkó ní 1862, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èèyàn rẹ̀ ló bá a lọ. Bàbá mi jẹ́ Èkó Ẹ̀pẹ́, ìyá mi jẹ́ Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́, ìyẹn àwọn tí Èkó Ẹ̀pẹ́ bá nílé, ọ̀dọ̀ ìyá ìyá mi ni mo sì ti kọ́ ìko hun. Títí dòní, ìdílé wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, tí ìkejì wà ní Ẹ̀pẹ́. Àwọn wọ̀nyí ló ń wọ ọkọ̀ wá sílé nígbà ọdún. Wọ́n ń wá ohun tí wọ́n á gbé padà, tí yóò rántí wọn létí ilé, tí kò ní wúwo, tí yóò ṣe é tẹ̀ mọ́ inú báàgì. Ẹní ńlá máa ń wù wọ́n, wọ́n á fọwọ́ pa á, wọ́n á yìn ín, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ nítorí ọkọ̀. Ẹní méjì péré ni mo ń gbé lọ báyìí, ọ̀kan nínú wọn ni mo sì ń jókòó lé.

Inú ọyẹ́ ni ọdún ti ń bẹ̀rẹ̀

Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí wọ́n dárúkọ ọjọ́ kó tó wá ìko ti pẹ́. Ara ọ̀mùnú ewé igi ògùrọ̀, èyí tó ṣì dì pọ̀ ṣánṣán bí ọ̀kọ̀ láàárín orí igi, ni a ti ń rí ìko. A ó gé e, a ó tú ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó fi ọ̀bẹ là á díẹ̀ ní etí, a ó sì fa awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lójú rẹ̀. Awọ yẹn ni ìko. Tí a bá sá a sí oòrùn ọyẹ́, ọjọ́ kan sí méjì ti tó, á funfun, á sì le dáadáa. Tí ẹ bá sá irú rẹ̀ ní oṣù kẹfà, á gbẹ lónìí, á tún mu omi lọ́la, á bu, á yọ àmì dúdú, òórùn rẹ̀ kò sì ní kúrò mọ́ bí ẹ tilẹ̀ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Ọkùnrin tó ń bá mi gé e ń gbé létí omi. Àdéhùn èmi àti ẹ̀ ni pé ọ̀mùnú kan ṣoṣo ni yóò gé lórí igi kan lọ́dún. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni igi ògùrọ̀ ń so láyé rẹ̀, tó bá so tán, ó ń kú nìyẹn. Adẹ́mu sì tún wà tó ń dá a. Tí àwa náà bá tún ń gé gbogbo ọ̀mùnú rẹ̀, kí ni àwọn ọmọ wa fẹ́ fi hun nǹkan? Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gidigidi, torí pé ibi tí mo máa ń bá ìyá ìyá mi lọ gé ìko ní kékeré, ilé ló wà níbẹ̀ báyìí.

Aṣọ òwú ni kí ẹ fi di ìko pa mọ́, kí ẹ so ó rọ̀ níbi tí atẹ́gùn ń gbà. Ọ̀rá á mú kó làágùn. Òkè àjà ilé ìdáná tí àwọn kan ń so ó sí kì í jẹ́ kí kòkòrò jẹ ẹ́ lóòótọ́, àmọ́ èéfín á wọ inú rẹ̀, oníbàárà á sì gbóòórùn rẹ̀ nígbà tó bá gbé apò náà mọ́ abíyá.

Ní ti àwọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní ọdún kẹta. Àtalẹ̀ pupa ni mo fi rẹ ìko tí mo fi hun apò mẹ́jọ. Ó mú bí pupa inú ẹyin, gbogbo ẹni tó rí i nínú ilé ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo tò wọ́n síwájú tábìlì láti àárọ̀. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sóòrùn ti ṣá, ẹ̀gbẹ́ kejì ṣì mú. Obìnrin kan gbé ọ̀kan yípo, ó wò mí, ó rọra gbé e padà. N kò rí nǹkan sọ fún un. Àtalẹ̀ kì í bá oòrùn ṣeré, ẹ má lò ó fún ohun tó ń lọ sí ìta. Pupa ni mo ń ṣe báyìí, pòpòrò ọkà bàbà ni mo sì ń lò: ẹ sè é pẹ̀lú kánún díẹ̀, omi rẹ̀ á pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi omi lásán rẹ ìko kí ẹ tó rì í sínú rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á mu ún ní tótòtó. Abẹ́ ìbòjì ni kí ẹ ti sá a. Ní ti dúdú, mo ń gbé ìko mi fún aláró tó mọ ẹlú. Iṣẹ́ ẹlú fẹ́ ìkòkò tirẹ̀ àti sùúrù tirẹ̀, n kò fẹ́ ṣe é ní àṣekù.

Ohun tí ẹ ó hun, àti iye tí ẹ ó pè é

Abẹ̀bẹ̀ ló ń gbé mi lọ́jọ́ ọdún. Ooru wà, èrò pọ̀, ẹni tó bá ń làágùn kì í ná abẹ̀bẹ̀ pẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín ní ọgbọ́n kan tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún rí: ní oṣù méjì ṣáájú ọdún, ẹ lọ bá àwọn télọ̀. Àwọn télọ̀ ló mọ ẹgbẹ́ tó dá aṣọ àti àwọ̀ tí wọ́n dá. Tí ẹ bá ti mọ̀ pé ẹgbẹ́ kan fẹ́ wọ àwọ̀ ewé, tí òmíràn fẹ́ wọ àwọ̀ ọsàn, ẹ hun ogún abẹ̀bẹ̀ tí etí rẹ̀ bá ti ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mu. Ẹnì kan ṣoṣo ni ẹ ó tà fún nínú ẹgbẹ́ náà. Àwọn tó kù á wá yín wá fúnra wọn.

Ẹ ní ohun kékeré fún ọmọdé pẹ̀lú, ohun tí owó ọdún tí bàbá àgbà fún un á ká: òrùka ìko, ẹyẹ, ẹja. Ẹja ló ń tà jù, torí pé Ẹ̀pẹ́ àti ẹja kò ṣe é yà, ẹ sáà rántí ọjà Olúwo. Akẹ̀tẹ̀ máa ń tà tí oòrùn bá wà, tí òjò bá wà, kò ní tà. Ọ̀rọ̀ akẹ̀tẹ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Owó wá ńkọ́? Ibí ni mo ti rí i tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ń ṣe ara wọn ní jàǹbá. Wọ́n á wo ojú oníbàárà, wọ́n á pe iye tí wọ́n rò pé ó lè san. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo máa ń wo owó tí wọ́n ń san lójúmọ́ fún ẹni tó ń bá bíríkìlà po sìmẹ́ǹtì. Ìka tèmi náà ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yìn tèmi náà ń dùn mí. Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀ kẹ́yìn, ₦6,000 ni wọ́n ń gbà lójúmọ́ ní àdúgbò mi. Apò tó mọ níwọ̀n ń gba ọjọ́ méjì lọ́wọ́ mi, ìyẹn ₦12,000. Ìko, aró, aṣọ inú àti bọ́tìnnì jẹ́ ₦2,500. Mo fi ₦500 lé e fún ọkọ̀ àti ààyè. Ó di ₦15,000. ₦16,000 ni mo ń pè é, kí ẹni tó bá fẹ́ ná an rí ibi ná an dé, nítorí ọjà tí a kò ná kì í dùn mọ́ àwọn èèyàn wa nínú. Ṣùgbọ́n tó bá ti dé ₦15,000, mo dúró.

Tí oníbàárà bá ṣì ń bẹ̀, ènì ni mo ń fún un. Ìyá ìyá mi kì í dín owó ẹní, àmọ́ kò sẹ́ni tó ra ẹní lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò gba nǹkan mìíràn kún un. Òrùka ìko kan, tí mo fi ìṣẹ́jú márùn-ún hun, ti parí ìjà ₦1,000 fún mi lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tí ẹ dín owó fún á sọ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ pé owó náà ṣì lè wálẹ̀. Ẹni tí ẹ fún ní ènì á sọ pé ẹ lawọ́.

Ààyè

Ojúde ẹlòmíràn ni a sábà máa ń pàtẹ sí. Nítorí náà, ẹ lọ kí onílé ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ṣáájú. Ẹ má dúró níwájú ilé kí ẹ máa fi ọwọ́ júwe. Ẹ wọlé, ẹ kúnlẹ̀ bó bá jẹ́ àgbà, ẹ sọ ohun tí ẹ bá wá, ẹ sì sọ fún un pé ẹ ó gbá ilẹ̀ ibẹ̀ kí ẹ tó lọ. Tó bá jẹ́ pé ìgbìmọ̀ kan ló ń pín ààyè, ẹ san owó yín, kí ẹ gba rìsíìtì. Ọkùnrin kan ti gba ₦5,000 lọ́wọ́ mi rí, ó gba iye kan náà lọ́wọ́ oníbàtà kan fún ojúkò kan náà, àárọ̀ ọjọ́ ọdún ni àwa méjèèjì pàdé níbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí. A pín in sí méjì. Láti ìgbà yẹn, bí kò bá sí rìsíìtì, mo ń kọ orúkọ, nọ́ńbà fóònù, iye owó àti ọjọ́ sínú ìwé, mo sì ń ní kí ẹni náà fọwọ́ sí i.

Ẹ sá fún ẹ̀gbẹ́ ṣípíkà. Ẹ ò ní gbọ́ ohun tí oníbàárà ń sọ, òun náà ò ní gbọ́ ti yín, títà sì di wíwo ojú ara ẹni. Ẹ sá fún onísuyà pẹ̀lú. Èéfín ń wọ ìko, ẹ̀ṣẹ́ná kan ṣoṣo sì tó láti ba ọjà jẹ́. Ibi tó dára jù ni ibi tí ẹsẹ̀ èèyàn ti ń rọlẹ̀: ẹ̀gbẹ́ ẹni tó ń ta sóbò àti omi tútù, abẹ́ igi, orígun tí wọ́n ti ń dúró de ara wọn.

Ọ̀sà wà ní gúúsù ìlú wa, ìhà ibẹ̀ sì ni atẹ́gùn ọ̀sán ti máa ń fẹ́ wá. Ẹ kọ ẹ̀yìn kánópì síbẹ̀. Ẹ má kọ ojú rẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn, nítorí ìrọ̀lẹ́ tí èrò ń pọ̀ gan-an ni oòrùn máa wọlé bá yín, tí yóò máa ta sójú ẹni tó fẹ́ wo ọjà. Ẹsẹ̀ kánópì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ so kẹ́ẹ̀gì omi oní-lítà 25 mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Omi náà á wúlò fún àlùwàlá àti ọwọ́ fífọ̀ bí ilẹ̀ bá ṣú.

Ní ti òjò: pákó sábẹ́ gbogbo nǹkan, kí ìko má fara kan ilẹ̀. Ọ̀rá ńlá kan tó lè bo tábìlì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó wà nítòsí ọwọ́, kì í ṣe ní ìsàlẹ̀ àpótí. Bí òjò bá sì ti dá, ẹ ṣí i kíákíá. Mo mọ ẹni tó bo tirẹ̀ títí di alẹ́ nítorí ó ń bẹ̀rù ọ̀wààrà kejì. Ooru inú ọ̀rá náà ló ba ọjà rẹ̀ jẹ́, òjò kò kàn án.

Ọjọ́ náà gan-an

Ẹ mú ẹnì kan dání. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń bá mi gba owó. Ẹni tó ń hun kò lè máa ka owó, bó bá gbìyànjú méjèèjì, ìko á tú, ṣéńjì á ṣì. Kí ẹni náà mọ iye gbogbo nǹkan lórí, kí ó mọ ibi tí ìná dópin.

Iṣẹ́ mẹ́ta tí kò tíì parí ni mo ń gbé lọ. Àkọ́kọ́, ìdí apò nìkan, níbi tí ìko òró àti ìko ìbú ti ń gba inú ara wọn kọjá, kí èèyàn lè rí bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ìkejì ti gòkè dé ìdajì. Ìkẹta ku ọwọ́ apò. Èyí tó dé ìdajì ni mo ń fi bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, torí pé ẹni tó ń kọjá á ti mọ̀ pé apò ni, á sì tún rí i pé kò tíì di apò. Ohun tó ń dá ẹsẹ̀ èèyàn dúró nìyẹn.

Orí ẹní ni kí ẹ jókòó sí, kì í ṣe orí àga. Bí ẹ bá wà nílẹ̀, ọmọdé á lè wo ọwọ́ yín, àgbàlagbà á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á fara balẹ̀. Kí ẹ kọ́kọ́ kí wọn: "Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ẹ̀mí á ṣe púpọ̀ rẹ̀." Ẹ má tíì dárúkọ ọjà. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ máa lọ, kí ojú yín sì máa gòkè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó tẹ orí mọ́ iṣẹ́ pátápátá dà bí ẹni tí kò fẹ́ àlejò. Bí wọ́n bá béèrè ohun tí ẹ ń ṣe, ẹ fi hàn wọ́n, kí ẹ sì gbé e lé wọn lọ́wọ́. Mo ti rí ọkùnrin tó wọ agbádá olówó ńlá tó jókòó tì mí, tó ń gbìyànjú àtifi ìko ìbú kọjá, tí òógùn sì bò ó. Nígbà tó dìde, apò méjì ló rà, kò ná an.

Ní ọdún kan, bàbá apẹja kan dúró ti mí pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní ìdí apò mi jọ ẹnu ìgèrè, pàkúté ẹja tí àwọn máa ń hun nígbà tí òun wà lọ́mọkùnrin. Ó jókòó, ó gba ìko lọ́wọ́ mi, ó sì ta kókó kan tí n kò rí rí, èyí tí wọ́n fi ń di ẹnu ìgèrè kí omi má baà tú u. Ìka rẹ̀ ti le bí igi, síbẹ̀ kókó náà jáde láìṣì. Òun ni mo fi ń so ọwọ́ apò mọ́ ara apò títí dòní, kò sì sí oníbàárà tó tíì gbé ọwọ́ apò tó já padà wá bá mi. Ká ní iṣẹ́ tó ti parí nìkan ni mo gbé síwájú, bàbá yẹn ì bá ti kọjá lọ.

Ní ti àwọn ọmọdé, ẹ má lé wọn. Ẹ ní ìdì ìko àjẹkù kan fún wọn, kí ẹ kọ́ wọn bí a ṣe ń di oní-mẹ́ta, bí ẹni ń di irun. Bí ọmọ bá jókòó, ìyá rẹ̀ á dúró dè é, ojú ìyá kò sì ní ṣàì lọ sórí tábìlì. Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ ní ìyá rẹ̀ kò ra nǹkan kan, ọmọ náà ti fọwọ́ kan ìko. Mo fẹ́ ìyẹn ju owó lọ.

Owó: ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ bẹ àwọn ọlọ́jà kí wọ́n bá yín kó ₦200 àti ₦500 jọ, nítorí ní ọjọ́ ọdún, owó tuntun tó tóbi ló máa ń wà lọ́wọ́ gbogbo ayé. Néńtíwọ̀kì máa ń wúwo nígbà tí èrò bá pọ̀; ẹ ní nọ́ńbà àkáǹtì ní báńkì méjì, kí ẹ kọ wọ́n gàdàgbà sára páálí. Bí ẹnì kan bá ní òun ti fi owó ránṣẹ́, ẹ wo inú àkáǹtì yín fúnra yín. Ẹ má fi àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù rẹ̀ ṣe ẹ̀rí. Bí owó kò bá tíì wọlé, ẹ fún un ní omi, ẹ ní kó jókòó, kí ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Olóòótọ́ kì í bínú sí ìyẹn.

Nígbà tí ládàánì bá pe ìrun, èmi máa ń da aṣọ bo tábìlì. Èmi àti àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń gba ara wa ṣọ́ ọjà, ẹni tó kírun tán á dúró fún ẹni tó ń lọ. Ẹ má pàtẹ dí ọ̀nà mọ́ṣáláṣí nítorí pé èrò pọ̀ níbẹ̀. Èrò náà kò bá ti yín wá nígbà yẹn.

Àwọn kan á ya fọ́tò iṣẹ́ yín láìra nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ń bínú sí i, wọ́n ní wọ́n fẹ́ jí ọnà àwọn hun. Èmi ń jẹ́ kí wọ́n yà á, mo kàn ń ní kí wọ́n jẹ́ kí páálí tí nọ́ńbà fóònù mi wà lára rẹ̀ hàn nínú rẹ̀. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ ló mú kí ìyàwó kan pè mí láti Ìkòròdú pé òun fẹ́ ọgọ́rùn-ún abẹ̀bẹ̀ fún ìgbéyàwó.

Nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú

Bí ó bá ti ń di ẹ̀yìn Àlàásárì, ẹnì kan á ti fẹ́ ra apò tó wà lọ́wọ́ mi gan-an. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọọdún. Ó ti rí i láàárọ̀ nígbà tó wà ní ìdajì, ó lọ wo ẹlẹ́ṣin, ó lọ jẹun nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó padà dé, ó bá a tí ó ti ga sí i. Ó ti di tirẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀. Ẹ gba owó rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má parí apò náà lẹ́yìn rẹ̀. Mo máa ń fi ìlà mẹ́ta tó kẹ́yìn sílẹ̀. Mo á ní kó lọ kí àwọn èèyàn rẹ̀, kó padà wá kí ó tó wọkọ̀.

Tó bá dé, mo á ní kó jókòó sórí ẹní. Mo á hun ìlà méjì lójú rẹ̀, mo á fún un ní ìko kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbà á kọjá nínú ìkẹta, bó bá wọ́ díẹ̀, n kì í tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ni mo á ta kókó bàbá apẹja yẹn sí ọwọ́ apò, mo á fi eyín gé ìko tó ṣẹ́ kù, mo á gbé e fún un.